Ọmọ Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Lẹ́ẹ̀mẹ́rin

    

Ọ̀rọ̀ tòní, Amẹ́ríkà ni ìdí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n inú ọjà Gbági, nílùú Ìbàdàn níbí, ni mo ti fẹ́ gbé e.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ta léèsì àti ànkárá ní Gbági. Lọ́jọ́ kan báyìí, mo yà kí i ní ṣọ́ọ̀bù, mo bá a tó ń bá fóònù rẹ̀ jà. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Ìlọrin ló fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ní kó ṣí i, kó wo irú léèsì tó wà níbẹ̀, ṣé ó ní irú ẹ̀? Ọmọ wa tẹ líǹkì náà. Ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Fóònù ní kò sí dátà. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó o. Àárọ̀ yìí ni mo ra dátà. WhatsApp ń ṣiṣẹ́, a jọ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí ni. Dátà wo ni wọ́n ní kò sí?"

Mo gba fóònù, mo wò ó. Dátà WhatsApp nìkan ló rà, torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Iléeṣẹ́ tó tà á fún un ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀, wọ́n ti gbogbo ìyókù pa. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún un, kò tiẹ̀ dúró gbọ́ mi tán. Ó yọ yẹtí etí ọ̀tún rẹ̀, ó fi irin tínínrín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gún ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ fóònù, síìmù yọ jáde, ó ki ti iléeṣẹ́ mìíràn bọ̀ ọ́. Kí n tó mu omi tó gbé fún mi tán, ó ti rí léèsì náà, ó ti dá owó lé e.

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹtí yẹn sọ́kàn o. A ó padà sídìí rẹ̀.

Kí wá ni ìbéèrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òun nìyí: ẹni tó ń gbé ẹrù wa kọjá lójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọjú wo inú ẹrù? Ṣé ó lè ní kí ti lágbájá máa sáré lọ, kí ti tàmẹ̀dò dúró ná?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ á ti gbọ́ ìtàn oníbodè. Nígbà tí ìlú ṣì ní odi, ẹnu ibodè ni oníbodè ń jókòó sí. Alájàpá tó ru iyọ̀, èyí tó ru epo, èyí tó ru aṣọ, gbogbo wọn ló ń san owó ibodè kí wọ́n tó wọlé. Owó yẹn ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń san án. Ó wá kù síbì kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníbodè tú ẹrù yín, ó rí i pé epo ni, ìyàwó tiẹ̀ náà sì ń ta epo nínú ọjà. Ó ní kẹ́ ẹ lọ dúró lábẹ́ igi ná. Ẹ dúró títí oòrùn fi yí. Ìgbà tẹ́ ẹ máa fi dọ́jà, ọjà ti tú. Ṣé owó ibodè ló bà yín lọ́jà jẹ́? Rárá o. Ojú tó yọ wo inú ẹrù ni.

Iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ni oníbodè ayé òde òní. Kò sẹ́ni tó ní kó má gbowó. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni kó má tú ẹrù.

Ní ọdún 2003, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Tim Wu kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì sọ ọ́ lórúkọ tó mọ́ ọn lára dòní: net neutrality. Mo ti gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ lóríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ ló ń há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa pè é ní òfin má-yọjú-wẹrù. Gba owó ọ̀nà rẹ, gbé ẹrù mi kọjá, má yọjú wò ó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ló wá dé tí Amẹ́ríkà fi bá a fa wàhálà fún ogún ọdún ó lé? Orúkọ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn àgbà ló ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Gbogbo ìjà tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí, orúkọ ló dá a sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Amẹ́ríkà ní òfin kan tó ń darí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti rédíò, láti ọdún 1934. Wọ́n tún un ṣe ní 1996. Nínú òfin yìí, orúkọ méjì ló wà tí iléeṣẹ́ lè jẹ́. Èmi máa pe èkíní ní Aláàárù, kí n pe èkejì ní Alásè.

Ẹ wo aláàárù nínú ọjà. Ẹ gbé àpò ìrẹsì lé e lórí, ó gbé e dé ìdí mọ́tò, ẹ san owó rẹ̀, ó tán. Kò tú àpò, kò bu níbẹ̀, kò sì béèrè ẹni tẹ́ ẹ ń gbé e lọ fún. Ẹ wá wo alásè. Ó gba ìrẹsì, ó gba ata, ó gba epo. Ohun tó bá gbé jáde kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ gbé fún un mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀. Iye iyọ̀ tó bá fẹ́, òun ló mọ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ìjánu aláàárù le: kò gbọdọ̀ ṣojúsàájú. Ti alásè rọ̀ bí òwú. Tẹlifóònù, aláàárù ni; kò sẹ́ni tó ń bá a du orúkọ yẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Aláàárù ni, àbí alásè?

Ta ló máa sọ ọmọ lórúkọ? Àjọ kan wà ní Washington tí wọ́n ń pè ní FCC. Àyè kọmíṣọ́nnà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ààrẹ ló ń yàn wọ́n, ilé aṣòfin àgbà á fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ nínú wọn tó máa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn: mẹ́ta sí méjì. Ní 2002, nígbà tí Michael Powell jẹ́ alága wọn, àjọ yìí sọ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà kébù wọlé lórúkọ. Wọ́n ní Alásè ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 2005 pé orúkọ náà lè dúró. Ìsọmọlórúkọ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ eléyìí, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Iléeṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Comcast, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní 2007, àwọn èèyàn ń ráhùn pé tí àwọn bá ń fi ẹ̀rọ BitTorrent fi nǹkan ránṣẹ́ síra àwọn, ńṣe ló ń já. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi BitTorrent gbé fíìmù tí wọn ò sanwó rẹ̀, òótọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Àwọn oníròyìn Associated Press wá dá ọgbọ́n kan. Wọn ò fi fíìmù ránṣẹ́. Bíbélì Mímọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́, ti King James, ìwé tí kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n jí i. Lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ kó tó lọ. Lẹ́ẹ̀mìíràn, kò lọ rárá.

Báwo ni Comcast ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká sọ pé èmi wà n'Íbàdàn, ẹ̀yin wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹnì kan jókòó sáàárín wa. Ó sín ohùn mi jẹ, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, mo ti sọ̀rọ̀ tán." Ẹ̀yin náà gbé fóònù sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ó sín ohùn tiyín jẹ fún mi, ó ní, "Ó dàbọ̀." Èmi náà gbé tèmi sílẹ̀. Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ já a, ẹ̀yin rò pé èmi ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ Comcast ń ṣe láàárín kọ̀ǹpútà méjì. Kò kọ́ ògiri, kò gbé igi dínà. Ohùn ẹni ẹlẹ́ni ló ń fi dá ọ̀rọ̀ dúró. Nígbà tí àṣírí tú, Comcast ní àwọn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àwọn kàn ń ṣètò ọ̀nà kó má bàa há ni. Mo ti gbọ́ irú àwíjàre yẹn rí lẹ́nu àwọn tó ń darí mọ́tò ní oríta.

Àjọ FCC bínú. Ní 2008, wọ́n ní kí Comcast jáwọ́. Comcast gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2010, ilé ẹjọ́ béèrè lọ́wọ́ FCC pé, ta ló fún yín lágbára? FCC tún kọ òfin mìíràn lọ́dún yẹn kan náà. Iléeṣẹ́ Verizon gbé ìyẹn náà lọ sí kóòtù. Nígbà tó di oṣù kìíní 2014, àwọn adájọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere: ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọmọ yìí ní Alásè, ẹ ò lè wá fi ìjánu Aláàárù sí i lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìjánu yẹn sí i, ẹ yí orúkọ padà.

Ọdún 2014 yìí lọ̀rọ̀ gbóná gan-an. Iléeṣẹ́ Netflix, tó ń ta fíìmù, rí i pé fíìmù àwọn ń dúró, ó ń fà, nílé àwọn oníbàárà Comcast. Ní oṣù kejì ọdún náà, Netflix gbà láti san owó fún Comcast kí wọ́n lè so pọ̀ tààrà. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Netflix ní owó oníbodè làwọn ń san. Comcast ní òwò lásán ni. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, John Oliver, aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n kan, fi bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kí àwọn tó ń wo òun kọ̀wé sí FCC. Kí ọdún tó parí, ìwé tí FCC gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Ààrẹ Obama náà jáde ní oṣù kọkànlá, ó ní kí wọ́n sọ ọmọ ní Aláàárù.

Ẹni tó wà ní ipò alága nígbà náà ni Tom Wheeler. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ agbẹnusọ fún àwọn oníkébù rí, ó tún ti jẹ́ agbẹnusọ fún àwọn oní-fóònù alágbèéká. Gbogbo ayé rò pé ilé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ni yóò bá ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 2015, wọ́n dìbò, mẹ́ta sí méjì: Aláàárù. Ìsọmọlórúkọ kejì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni àwọn tó tako orúkọ yẹn ń sọ? Ajit Pai, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà nígbà náà, ló ń sọ ọ́ léraléra. Ó ní òfin 1934, tẹlifóònù àtijọ́ làwọn bàbá wa ṣe é fún. Ó ní ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀, tó fẹ́ ri wáyà dé abúlé, owó ńlá ló ń ná, tí ìjọba bá sì gbé ìjánu aláàárù wọ̀ ọ́, kò ní fẹ́ náwó mọ́. Ó ní ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "má yọjú wẹrù" lónìí lè ní òun fẹ́ máa dá iye owó lé e lọ́la. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti gbé lábẹ́ ìjọba tiwa níbí kò ní fi rẹ́rìn-ín.

Trump wọlé, Pai di alága. Ní 2017, FCC tún pe àwọn ará ìlú kí wọ́n sọ èrò wọn. Ìwé tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí lé ní mílíọ̀nù 22. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ìjọba tiwa-n-tiwa! Àbí? Ẹ dúró ná. Ní 2021, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York gbé àbájáde ìwádìí jáde: nínú mílíọ̀nù 22 yẹn, èyí tó sún mọ́ mílíọ̀nù 18 ló jẹ́ ayédèrú. Àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńlá ló náwó sí ètò tó mú bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ wá, wọ́n ń lo orúkọ ẹni ẹlẹ́ni láìsọ fún onítọ̀hún. Òkú pàápàá kọ̀wé! Apá kejì náà kò mọ́ o: ọmọ yunifásítì kan, ọmọ ọdún 19, dá mílíọ̀nù méje ó lé kọ, ó fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá orúkọ àwọn tí kò sí láyé rí. Orí ọ̀rọ̀ oníbodè tó ń sín ohùn ẹni ẹlẹ́ni jẹ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó já sí ni kí gbogbo èèyàn máa sín ohùn ẹni ẹlẹ́ni jẹ.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá 2017, wọ́n jókòó láti dìbò. Láàárín ìpàdé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí gbogbo èèyàn jáde, wọ́n kó ajá wọlé láti tú inú yàrá wò, nítorí pé ẹnì kan ti halẹ̀. Wọ́n padà wọlé, wọ́n dìbò, mẹ́ta sí méjì: Alásè. Ìsọmọlórúkọ kẹta.

Ṣé ọ̀run wá ya? Kò ya. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì máa kú lọ́jọ́ kejì, ojú tì wọ́n díẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní California ní 2018, nígbà tí iná igbó ń jó. Mọ́tò àwọn panápaná ìjọba ìbílẹ̀ Santa Clara kan wà tí wọ́n fi ń darí iṣẹ́. Dátà Verizon ló ń lò. Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu iná, Verizon fa dátà wọn sẹ́yìn títí kò fi ṣeé lò mọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Verizon tọrọ gáfárà lẹ́yìn náà, wọ́n ní àṣìṣe òṣìṣẹ́ ni, kò kan ọ̀rọ̀ má-yọjú-wẹrù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre nínú òfin. Ìbéèrè tèmi ni pé, lọ́jọ́ yẹn, ta ni panápaná ìbá pè? FCC ti sọ pé ọ̀rọ̀ alásè kò kan àwọn. Kí ọdún náà tó parí, California fúnra rẹ̀ ṣe òfin má-yọjú-wẹrù tirẹ̀.

Biden wọlé. Ní oṣù kẹrin 2024, Jessica Rosenworcel ni alága. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ iye ìbò: mẹ́ta sí méjì. Aláàárù. Ìsọmọlórúkọ kẹrin.

Ẹ tún un kà pẹ̀lú mi: Alásè ní 2002, Aláàárù ní 2015, Alásè ní 2017, Aláàárù ní 2024. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé kan ṣoṣo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń wò: Ilé Funfun, níbi tí Ààrẹ ń gbé. Tí Ààrẹ bá yí, orúkọ ọmọ yí.

Ní oṣù kẹfà 2024 yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ̀rọ̀ kan tó tú gbogbo rẹ̀ ká. Tẹ́lẹ̀, láti 1984, tí ẹnu òfin kò bá já gaara, àwọn adájọ́ máa ń gba ìtumọ̀ tí àjọ ìjọba bá fún un, tó bá ti bọ́gbọ́n mu. Wọ́n ní ìyẹn ti parí. Adájọ́ ni kó máa ka òfin fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2025, àwọn adájọ́ mẹ́ta ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Cincinnati ka òfin fúnra wọn. Wọ́n ní Alásè ni ọmọ náà ń jẹ́, FCC kò sì lágbára láti sọ ọ́ lórúkọ mìíràn mọ́.

Ta ló wá lágbára? Àwọn aṣòfin ni. Kóńgírẹ́ẹ̀sì lè jókòó lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sọ ọmọ yìí lórúkọ tí Ààrẹ kankan kò ní lè yí padà. Láti 1996, wọn ò tíì ṣe é. Níbi tí mo jókòó sí, wọn ni mo dá lẹ́bi jù, kì í ṣe Pai, kì í ṣe Wheeler. Baálé ilé tó fi ìsọmọlórúkọ sílẹ̀ fún àlejò, kó má bínú tí orúkọ bá pọ̀.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ó kàn wá. Ẹ rántí yẹtí.

Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ọmọ wa ní Gbági ní ọ̀nà mẹ́ta tó wọjà, ó yọ èyí tí kò ṣe é lóore, ó ki òmíràn. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Amẹ́ríkà, wáyà kan ṣoṣo ló wọlé, ti iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Oníbodè yẹn lọba. Ìdí nìyẹn tí ìjà wọn fi le ju tiwa lọ.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní tiwa. Dátà tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ṣí nínú rẹ̀ yẹn, ó kárí ayé. Ní 2016, Facebook àti Airtel gbé Free Basics wọ Nàìjíríà: àwọn ojú ìwé kan tí èèyàn lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, láìní dátà. Lọ́dún yẹn kan náà, Íńdíà kọ̀ ọ́. Àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù níbẹ̀ ní kò sí iléeṣẹ́ tó gbọdọ̀ dá iye owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ò ní sọ pé gbogbo ọ̀fẹ́ ni ìkẹ́kùn. Ẹni tí kò lówó dátà, tó rí ibi ka nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ó jèrè. Ṣùgbọ́n ọmọdé kan tó bá ṣe irú Facebook tirẹ̀ n'Íbàdàn níbí, báwo ló ṣe máa bá ọ̀fẹ́ du oníbàárà?

Ẹ jẹ́ ká wo aládùúgbò wa náà, orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ wà. Ní 2018, ìjọba Ààrẹ Talon ṣe òfin pé ẹni tó bá lo WhatsApp tàbí Facebook máa san fáránkì CFA márùn-ún lórí mẹ́gá kọ̀ọ̀kan. Ẹrù kan ní owó orí, ẹrù kejì kò ní. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ló tú ẹrù lọ́tẹ̀ yìí o, ìjọba ni. Àwọn ọ̀dọ́ fi ariwo bo orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí oṣù kẹsàn-án sì tó parí, ìjọba ti fagi lé e.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Ìjọba là ń bẹ̀ kó mú oníbodè so. Nígbà tí ìjọba bá di oníbodè ńkọ́? Òfin tó bá ní kí iléeṣẹ́ má yọjú wẹrù, tí kò sọ fún ìjọba náà pé kó má ti ibodè, ìdajì òfin ni.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ wa kéde pé àwọn ti dá Twitter dúró, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Àṣẹ kàn sí àwọn iléeṣẹ́ fóònù, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ó tó oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i padà, ní oṣù kìíní 2022. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti sọ̀rọ̀.

Ọmọ wa ní Gbági ń gbé àwòrán aṣọ sórí Twitter nígbà yẹn. Ó sọ fún mi pé láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kejì ìkéde yẹn, òun ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ya àwòrán léèsì tuntun kan, òun fẹ́ gbé e síbẹ̀. Kò lọ. Ó yọ yẹtí, ó yọ síìmù, ó ki èkejì. Kò lọ. Ó ki ẹ̀kẹta. Kò lọ. Ó yá ti ìyá tó ń ta gèlè ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ki ìyẹn náà. Bákan náà ni gbogbo wọn. Ó ní òun dá yẹtí padà sétí, òun kó léèsì náà síta, òun fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fún ẹni tó bá ń kọjá.